Ẹ Jíṣẹ́ Ẹnìkejì Ná: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Ìjókòó Ìrònú Sílẹ̀ Ní Àdúgbò Yín

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn wa ni "Kí ni àlàáfíà?" Mo rò pé ohun ńlá ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ìwàásù mẹ́fà la gbọ́ lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ ṣe tiẹ̀, àfáà ṣe tiẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú rìn ló wá ṣe èyí tó gùn jù. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, kò tíì sẹ́ni tó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè ohunkóhun. Kálukú tún di ẹrù ọ̀rọ̀ tó gbé wá, ó gbé e relé.

Lóṣù kejì, mo yà sí òdìkejì. "Ta ló ni ilẹ̀?" ni mo kọ sára pátákó. Ilé-Ifẹ̀ la wà o. Ọmọ Ifẹ̀ ni ìyá mi, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni bàbá mi, ó yẹ kí n mọ̀ pé iná ni mo ń tì bọ òrùlé. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí bàbá kan fi dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó," ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé kó tó gbà láti padà wá. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ọdún keje rèé tí a ti ń jókòó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sì ni mí, nítorí náà ó rọ̀ mí lọ́rùn láti kọ ohun tí mo kọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò tirẹ̀. A ò lórúkọ, a ò lọ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, a ò rán aṣọ ẹgbẹ́. Ohun mẹ́ta là ń sọ: ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ọ̀rọ̀ òṣèlú, àti bí a ṣe lè máa gbé pọ̀ láìpa ara wa.

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí lè má mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sá fún ogun nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tẹ Mọdákẹ́kẹ́ dó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀. A ti ń jọ gbé láti ìgbà náà, à ń fẹ́ ara wa, à ń bá ara wa jà. Wọ́n tú Mọdákẹ́kẹ́ ká ní 1909, 1922 ni àwọn ènìyàn tó padà síbẹ̀. Ìjà ńlá tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní 1997, lórí ibi tí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tuntun máa wà, kò sì rọlẹ̀ títí di 2000. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀, ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì wa ló sin èèyàn nínú ìjà yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìlú yín dáadáa kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ ibi tí egbò wà, kí ẹ má baà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bíi tèmi.

Ibi ìjókòó àti àkókò

Ẹ má lo ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má lo mọ́ṣáláṣí, ẹ má lo ààfin, ẹ má lo pálọ̀ ẹni tó ń du ipò. Àlejò kì í bá onílé jiyàn nínú ilé onílé, ẹ̀yin sì rèé, iyàn lẹ wá jà. Ìsọ̀ káfíńtà kan tí kò jìnnà sí Lágere là ń lò. Bẹ́ńṣì ti wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, òórùn pákó sì tún dára ju òórùn pẹtiróòlù lọ. Àbùkù rẹ̀ kan ni páànù. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí páànù, ẹnu lẹ ó máa rí, ẹ ò ní gbọ́ ohùn. Ẹ ní ibòmíràn nílẹ̀ tí wọ́n ṣe àjà sí fún ìgbà òjò.

Ẹ to bẹ́ńṣì yípo. Ẹ má ṣe gbé tábìlì síwájú àwọn èèkàn, nítorí ibi tí tábìlì bá wà ni gbogbo ojú máa ń kọjú sí.

Sátidé ò ṣeé ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbéyàwó ni, òkú ni, ìṣílé ni. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tún ni ti ìmọ́tótó àyíká, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìjọ kan wà tí Sátidé gan-an jẹ́ ọjọ́ ìsinmi wọn. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù la mú, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti túká, wọ́n ti kírun àsárì, a sì gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó pe ìrun màgàríbà. Bàbá awo tó wà láàrin wa, ọrọọrún ni ọ̀sẹ̀ Ifá tirẹ̀, ó sì máa ń bọ́ sọ́jọ́ ìpàdé nígbà mìíràn. Àárọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ bi olúkúlùkù léèrè àkókò ìsìn rẹ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́. Ìbéèrè yẹn nìkan ti sọ fún un pé ẹ kà á kún.

Ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Nígbà tí a di mẹ́tàlélógún, àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ dákẹ́, ohùn ọkùnrin márùn-ún péré là ń gbọ́. A pín ara wa sí méjì, ohùn sì padà. Ẹ lọ pe èèyàn nílé wọn, ẹ fẹnu yín pè é. Ẹni tí ìwé ìkéde ló pè wá, ìwàásù ló ń bọ̀ wá ṣe.

Àdúrà

Kò sí bí Yorùbá ṣe lè jókòó pọ̀ kí wọ́n má gbàdúrà, kò sì yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Àwa kọ́kọ́ ní kí Kristẹni gbà tiẹ̀, kí Mùsùlùmí gbà tiẹ̀, kí oníṣẹ̀ṣe gbà tiẹ̀. Àdúrà kí la gbà tán! Ìdajì wákàtí ti lọ, ẹni tó gbà kẹ́yìn sì fẹ́ kí tiẹ̀ ju ti àwọn tó ṣáájú lọ.

Nísinsìnyí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà á lóṣù kan, ó ń yí ká, ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀ ló sì ń lò. Àdéhùn méjì ló wà. Ohun tí gbogbo ilé lè dáhùn sí ni kó tọrọ: ara líle, oúnjẹ, òjò, ọmọ tó wà lájò. Kò sì gbọ́dọ̀ sí ọ̀tá nínú rẹ̀. Ìyá kan sọ fún mi pé láti kékeré òun, òun ò tíì gbọ́ àdúrà tí kò sí ọ̀tá nínú rẹ̀ rí, ó sì ya òun lẹ́nu bó ṣe kúrú tó. A fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan jíròrò lórí ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn: ta ni ọ̀tá tí à ń gbàdúrà lòdì sí, ṣé òun náà kì í gbàdúrà lòdì sí wa?

Ìbéèrè

Ìbéèrè tó dára ni èyí tí ènìyàn lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ dáhùn. "Kí ni ìfaradà ẹ̀sìn?" kì í bí nǹkan kan. Àmọ́ ẹ bèèrè pé: "Ọmọ yín fẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, wọ́n ti bímọ, àdúrà ta ni a ó kọ́kọ́ gbà níbi ìkómọ?" Ẹ óò rí i bí ìyá méjì ṣe máa sún mọ́ etí bẹ́ńṣì.

Àwọn tó ti ṣe wá lóore nìwọ̀nyí. Bí lèmọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀ bá sọ ẹni tí a ó dìbò fún, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dìbò fún ẹlòmíràn? Ilé bàbá yín tí wọ́n dáná sun, bí ọmọ ẹni tó sun ún bá wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́? Èyí tó sì gbà wá ní ìpàdé méjì gbáko: "Dìbò kóo sebẹ̀." Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yẹn láti ìgbà ìbò 2018. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, tó sì lọ dìbò fún èkejì, ṣé ó purọ́, àbí olè ló fi ọgbọ́n mú? Ìyá kan tó ń ta ata ní òun gbà á, òun sì fi se ọbẹ̀ lóòótọ́, pé owó ìlú ni, ọwọ́ òun ló padà sí. Bàbá awo ní ẹni tó bá bá ni mulẹ̀ kò gbọdọ̀ dà á. Ìyá ní òun ò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀, ó na owó sí òun, òun gbà á, òun ò sọ̀rọ̀. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ gbà dé ìwà: ṣé ìdákẹ́jẹ́ lè jẹ́ ìlérí? N kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó lè gbé ìbéèrè yẹn wá bí ìyá aláta ṣe gbé e wá.

Ẹ mú ohun kékeré kan tí ẹ ó kà: ẹsẹ Ifá, àyà Kùránì, ẹsẹ Bíbélì, òwe kan ṣoṣo pàápàá. Kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìtàn Ìwà ni mo fẹ́ràn jù láti fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tuntun. Ọ̀rúnmìlà fẹ́ Ìwà, ọmọ Sùúrù, kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, Ìwà kúrò nílé, nígbà náà ni nǹkan Ọ̀rúnmìlà wá bàjẹ́, ó wá bọ́ sọ́nà, ó ń wá a kiri. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ bèèrè lọ́jọ́ kan pé bí Sùúrù bá jẹ́ bàbá Ìwà, ṣé sùúrù náà ni kí ẹni tí wọn ò san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ máa ní? Àwa àgbà wo ara wa lójú. Ẹnì kan ní Ọ̀rúnmìlà kò dúró sójú kan, ó wá Ìwà lọ ni. Sùúrù tó ń rìn wà. Ibẹ̀ la bá a dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun òyìnbó ni ìmọ̀ ìrònú, èyí tí wọ́n ń pè ní fìlọ́sọ́fì, ẹ sọ fún un nípa Sophie Olúwọlé, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tó gbé Ọ̀rúnmìlà àti Socrates, onírònú ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé sílẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn la ti gbọ́ ọ. Mo rò pé ó yẹ kí ìyẹn fi ìyá aláta lọ́kàn balẹ̀.

Ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ẹni tó kéré jù lọ ni. Mo mọ̀ pé ó lòdì sí bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti sọ tirẹ̀ tán, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ire kò ní já a nírọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú òwe yẹn gan-an, ọmọdé ló ṣáájú. Mo sọ ọ́ báyìí fún àwọn bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà.

Ìyẹn ò mú ọ̀wọ̀ kúrò. Ọmọ ṣì ń kúnlẹ̀, ó ṣì ń ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wá bá wa, ó fẹ́ pe bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ní orúkọ, ó ní nínú ìrònú gbogbo wa dọ́gba. Mo fà á sẹ́yìn. Ẹni tí ọ̀wọ̀ rẹ̀ bá ti fọ́, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ì bá gbà wọlé sí i lára ti dí.

Jíjíṣẹ́

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú èyí. Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ sọ, títí tí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ yóò fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló tó lè sọ tirẹ̀. Jíjíṣẹ́ là ń pè é. Bí ẹnì kan bá fẹ́ já lu ọ̀rọ̀, ẹ óò gbọ́ tí gbogbo bẹ́ńṣì yóò ní, "Jíṣẹ́ rẹ̀ ná!"

Ogun Kírìjì ló fún mi lérò rẹ̀. Láti 1877 ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn. Nígbà tí àárẹ̀ mú gbogbo ènìyàn, àwọn ìránṣẹ́ ló ń lọ tó ń bọ̀ láàrin àgọ́ méjèèjì. Àlùfáà ìjọ ni méjì nínú wọn, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, ọ̀rọ̀ Mọdákẹ́kẹ́ wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ 1893 ni àwọn àgọ́ náà tó tú. Mo máa ń ro ti àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyẹn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ọ̀rọ̀ kan kún ti Ìbàdàn, tàbí kó yọ ọ̀kan kúrò nínú ti Èkìtì, ẹ̀mí ni yóò lọ sí i. Iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́.

Bàbá kan ní òwe mìíràn wà tó takò ó: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ṣé kò yẹ kí a tún ọ̀rọ̀ burúkú ṣe kó tó dé etí ẹni tó ni ín? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Lẹ́yìn àríyànjiyàn, ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ohùn ni ká tún ṣe, kí a má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá bú ènìyàn, ẹ jẹ́ iṣẹ́ ìbínú rẹ̀, ẹ fi èébú rẹ̀ sílẹ̀: "Ẹ ní inú ń bí yín gidi nítorí pé..."

N óò sọ ọjọ́ kan. Ìyá kan láti Mọdákẹ́kẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń yin bánńgà. Bàbá ọmọ Ifẹ̀ kan, ẹni tó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn ará ọ̀hún ló kọ́kọ́ yìnbọn, ló kàn láti jíṣẹ́.

Ó ní, "Ìyá ní àwọn ò rí oorun sùn bí wọ́n bá ń yin bánńgà."

Ìyá ní, "Rárá o. Mi ò sọ pé mi ò sùn."

Bàbá tún gbìyànjú. "Ẹ ní ó ń rán yín létí ogun."

"Kì í ṣe ìyẹn. Mo ní mo máa ń ka àwọn ọmọ mi."

Bàbá dákẹ́. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, mo ṣẹ́wọ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ìyá ní bí bánńgà bá ti dún, àwọn máa ń dìde, àwọn á máa ka àwọn ọmọ àwọn, bóyá wọ́n pé. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti lọ́kọ, wọ́n ti láya, àwọn ṣì ń kà wọ́n."

Ìyá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo sọ nìyẹn."

Bàbá ò fèsì mọ́. Àyè rẹ̀ ni láti sọ tirẹ̀, ó ní òun ti gbọ́ ná, kí ẹni tó kàn máa sọ̀rọ̀.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ènìyàn á jẹ́ iṣẹ́ òdì, kò ní í mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ ní sùúrù fún un. Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá rí i pé ọ̀rọ̀ òun fúnra òun ni kò yéni, ẹ jẹ́ kó tún un sọ, ọ̀pọ̀ ló ń rí ọ̀rọ̀ ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, wọ́n á ní, "Háà, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ yí i padà."

Bí ìbínú bá ru sókè ńkọ́? Ẹni tó ń tọ́kùn kò gbọdọ̀ dájọ́. Ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró, ẹ pín omi inú ọ̀rá, kí ẹ sì ní kí àwọn méjèèjì jíṣẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹnì kan bá jáde, ẹ jẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ẹ dé ilé rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ má rán ọmọ. Ẹ má lò fóònù.

Owó, oúnjẹ àti àwọn olóṣèlú

Dòdò Ìkirè àti ẹ̀pà là ń jẹ, lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. ₦500 ni ẹni tó bá ní máa ń mú wá, ẹni tí kò bá ní, kò sẹ́ni tó ń bi í.

Nígbà tí ìbò ń bọ̀, ẹnì kan gbé àpò ìrẹsì méjì wá, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń du ipò ló fi kí wa. Ìrẹsì wọ́n lásìkò náà, mo sì mọ ilé tí ààrò ti tutù láàrin wa. A fi í ṣe ìbéèrè ìpàdé náà. Ẹnu wa kò kò, nítorí náà a padà sí àdéhùn wa: ohun tí gbogbo wa kò bá gbà, a kì í gbà á. Ìrẹsì padà lọ. Inú ẹni tó gbé e wá kò dùn, ó sì ṣì ń wá jókòó. Ẹ ṣe àdéhùn yìí ṣáájú kí ìrẹsì tó dé, torí pé bí ó bá ti wà nílẹ̀ tán, ebi yóò máa bá yín dá sí i.

Wáàsáàpù, ọjọ́ àti ibi ìpàdé nìkan ni kí ẹ máa fi síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè jíṣẹ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ẹ ní ìwé kan. Ìbéèrè nìkan ni kí ẹ kọ sínú rẹ̀, àti ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ má kọ ẹni tó sọ kí ni. Ìyá aláta ò ní sọ ohun tó fi owó ìbò sè bó bá rò pé a ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó kéré jù lọ níbẹ̀ ló ń mú ìbéèrè oṣù tó kàn wá, kí a tó dìde. Èyí tó kẹ́yìn, ọmọ télọ̀ yẹn náà ló mú un wá, lọ́wọ́ àṣálẹ́, nígbà tí wọ́n ti ń pe ìrun: "Bí bàbá mi bá sọ fún mi pé kí n má gbàgbé, tí ìyá mi sì sọ pé kí n gbàgbé, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?" Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá Káfíńtà ti ń kó bẹ́ńṣì wọlé.